Fínísì Gìtá Oníná Lójú Ọjọ́ Òṣogbo: Ìfiwéra Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbó

Ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá oníná máa ń wo àwọ̀ rẹ̀, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ àti iye tí wọ́n pè é. Fínísì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi bo igi náà, kì í wá síni lọ́kàn àfi lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, nígbà tí ibi tí apá ń sinmi lé bá ti ń dán yanranyanran, tí etí ìsàlẹ̀ sì ti bó bí èèpo ẹyin. Ìgbà yẹn ló tó ń ye èèyàn pé gìtá méjì tó jọ pupa ní ṣọ́ọ̀bù ò ní gbó bákan náà.

Nínú fínísì mẹ́rin tí a fẹ́ fi wéra níbí, nitro, polyester, polyurethane àti epo, kò sí èyí tí kì í bàjẹ́. Ọ̀nà tí kálukú ń gbà bàjẹ́ ló yàtọ̀, èyí tí ojú yín bá sì lè gbà nínú rẹ̀ ni kí ẹ rà. Nitro ń tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ títí igi á fi yọjú. Polyester á dúró gbọn-in títí di ọjọ́ tó máa já ní ègé. Polyurethane ń gbọgbẹ́ kéékèèké, àmọ́ kì í tètè fi igi sílẹ̀. Epo kò ní awọ tó máa bó, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdọ̀tí mọ́ra.

Bó ṣe gbẹ ni yóò ṣe gbó

Nitro, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ nitrocellulose, pẹ́ńtì mọ́tò ni tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ DuPont ló ń tà á fún àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, Duco ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ gìtá Fender lò ó lára gìtá wọn ní àwọn ọdún 1950, Gibson sì ń lò ó títí dòní lára èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń gbẹ kò lọ́jú pọ̀ rárá: tíńnà inú rẹ̀ á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ohun tó bá ṣẹ́kù sára igi ni fínísì. Ìdí nìyẹn tí tíńnà fi lè yọ́ ọ padà kódà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ìdí nìyẹn náà tó fi máa ń fẹ́lẹ́, tó sì máa ń rì sínú ojú igi fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti fín in. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè rọ̀ ń fi í sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bó ti ń gbó ló ń le, bó sì ti ń le ló ń yá a láti sán.

Polyester àti polyurethane kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn amúle, tí àwọn tó ń fín mọ́tò ń pè ní hardener, ni wọ́n ń pò mọ́ wọn. Ti polyester kì í ju gíráàmù 1 sí 2 nínú 100 lọ. Ti polyurethane pọ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ: apá 2 sí 1 tàbí 4 sí 1, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára agolo. Bí wọ́n bá ti dì, bí ẹyin sísè ni, kò sí ohun tó máa sọ wọ́n di omi mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1968 ni Fender kó lọ sórí polyester. Lára àwọn gìtá wọn ti ọdún 1970 sókè, ó nípọn débi pé ẹ máa rò pé wọ́n ki igi náà bọ inú gíláàsì yíyọ́. Èyí tí wọ́n ń fín lóde òní fẹ́lẹ́ jùyẹn lọ dáadáa.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé nitro nìkan ló ń jẹ́ kí igi mí, òun ló sì ń jẹ́ kí ohùn gìtá jáde. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1963 ni Fender bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun líle tí oògùn amúle wà nínú rẹ̀ dí ojú igi kí wọ́n tó fín nitro sórí rẹ̀. Àwọn gìtá wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ń yìn. Ẹ má torí ohùn san owó kún owó lórí nitro. Bó ṣe ń gbó lẹ ń sanwó fún.

Epo ní tirẹ̀ (tung, linseed, tàbí irú èyí tí wọ́n fi ń pa ìdí ìbọn) ń wọnú igi ni, kì í dúró lókè. Ilé iṣẹ́ gìtá Music Man ń lò ó pẹ̀lú ìda lára ọrùn ọ̀pọ̀ gìtá wọn, ọwọ́ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀ ju lórí ohunkóhun tó ń dán lọ.

| | Nitro | Polyester | Polyurethane | Epo |
|---|---|---|---|---|
| Oòrùn | ń pọ́n bí ìyeyè | kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n | ń pọ́n díẹ̀ | igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣú |
| Òógùn | ń rọ̀, ń lẹ̀ mọ́wọ́ | kò ràn án | kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án | ń di dúdú bí eérú |
| Ìṣubú | ń tẹ̀, ń bó ní etí | ń já ní ègé | ń tẹ̀ ju kó já lọ | igi ló ń tẹ̀ |
| Àtúnṣe | tuntun ń yọ́ mọ́ ògbólógbòó | súpà gúlù | súpà gúlù tàbí kí wọ́n tún un fín | ẹ tún epo nù ún |
| Kó tó ṣeé bó dán | ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó kéré tán | ọjọ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò (UV) ilé iṣẹ́ | ọjọ́ 3 sí 7 | wákàtí 24 láàárín ìpele |

Oòrùn

Ìlú aró ni Òṣogbo. Ẹni tó bá ti sá àdìrẹ sóòrùn rí mọ̀ pé àwọ̀ ń ṣá. Lára gìtá, nǹkan méjì ni, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè wọ́n ní ọ̀kan. Ohun ìpaláwọ̀ lè ṣá. Fínísì aláìláwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ náà lè pọ́n.

Fún ṣíṣá, ẹ wo gìtá Les Paul Standard tí Gibson ṣe láàárín ọdún 1958 sí 1960. Pupa tí wọ́n fi yí etí ojú rẹ̀ ká kò fara da ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pàdánù gbogbo pupa rẹ̀, ó ku àwọ̀ ìyeyè nìkan, nígbà tí èyí tó wà nínú àpótí ṣì pupa dòní. Ọdún 1960 ni wọ́n pààrọ̀ ohun ìpaláwọ̀ náà. Àwọn tó ń kó gìtá àtijọ́ jọ wá ń dá owó ńlá lé èyí tó ṣá, bẹ́ẹ̀ àbùkù ni tẹ́lẹ̀!

Fún pípọ́n, nitro lọ̀gá. Gìtá funfun á di àwọ̀ bọ́tà. Gìtá búlúù á máa lọ sí àwọ̀ ewé, nítorí awọ tó pọ́n ló bo búlúù mọ́lẹ̀. Kò yani lẹ́nu fún ẹni tó mọ̀ pé àwọn aláró ń fi ìyeyè lé aró kí wọ́n tó rí àwọ̀ ewé. Polyester kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan àwọn oníbàárà jẹ. Kì í dáàbò bo ohun ìpaláwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pupa tó máa ṣá á ṣá, polyester ni o, nitro ni o. Bí ẹ bá fẹ́ gìtá tó máa wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ mú dúdú, tàbí àwọ̀ kíkí tí ojú igi kò hàn nínú rẹ̀, lábẹ́ polyester tàbí polyurethane. Gìtá pupa tí ojú igi ń hàn, ẹ má gbé e kọ́ ògiri tó kọjú sí fèrèsé.

Òógùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí fún ẹni tó ń ta gìtá ní ìlú yìí. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìṣọ́ òru, òde àríyá lábẹ́ kánópì ní ọ̀sán gangan: apá ọ̀tún kì í kúrò lójú ibì kan náà fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Òógùn ní iyọ̀ àti ásíìdì díẹ̀ nínú, ara gbígbóná sì ń mú nitro rọ̀. Ìfararinrin apá ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi sáńdípépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún. Ibi mẹ́ta ló ń kọ́kọ́ lọ: etí òkè níbi tí ìgùnpá ń sinmi lé, ẹ̀yìn gìtá níbi tí irin bẹ́líìtì ń fọwọ́ kàn, àti ẹ̀yìn ọrùn ní ìdojúkọ àtàǹpàkò. Gìtá Stratocaster ọdún 1961 tí Rory Gallagher, olórin ará Ireland, ta nígbà ayé rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó kù díẹ̀ kí fínísì tán pátápátá lára rẹ̀, òógùn rẹ̀ tó pọ̀ ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi jù.

Ara ẹlòmíràn wà tí nitro kì í bá a rẹ́. Ẹ̀yìn ọrùn á máa lẹ̀ mọ́wọ́, á dà bíi pé oje ara igi ni wọ́n fi pa á, ọwọ́ ò ní í lè sáré lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ òwú tí a fi epo láítà rin díẹ̀ nù ún, kí ẹ fi gbígbẹ nù ún lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán ni, á lọ. Bó bá tún padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fínísì fúnra rẹ̀ ló ti rọ̀. Gìtá olówó pọ́ọ́kú ni? Ẹ fá ẹ̀yìn ọrùn pẹ̀lú sáńdípépà 400, lẹ́yìn náà 600, títí ẹ ó fi dé igi, kí ẹ wá fi epo pa á. Gìtá àtijọ́ tó lówó lórí ni? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa nù ún lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fara mọ́ ọn.

Polyester àti polyurethane kì í lẹ̀ báyìí. Ìyọnu tiwọn ni èyí tí kì í dán, tí wọ́n ń pè ní satin. Ìyẹ̀fùn kíkúnná ni wọ́n pò sínú ìpele òkè kó má baà dán. Ọwọ́ á bó o dán láàárín oṣù mẹ́fà, ibi tí apá ń gbé lé á máa tàn bí dígí, ìyókù á ṣú. Kò sí ọṣẹ tó máa dá a padà. Ẹ má sì fi rubbing compound, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń bó pẹ́ńtì dán, kan satin láéláé, dídán lásán ló máa tún dá sílẹ̀. Tó bá ti ń bí yín nínú jù, sáńdípépà 2000 tó ní omi díẹ̀, kí ẹ sì fa á lọ lọ́nà kan ṣoṣo, lè mú un ṣú padà fún ìgbà díẹ̀.

Ọrùn tí ojú ìtẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ igi maple funfun nílò fínísì. Bó bá ti jẹ tán láàárín àwọn fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ìtẹ̀ka, òógùn àti ìdọ̀tí á wọnú igi, á di dúdú tí kì í mọ́ mọ́. Rosewood, igi tó dúdú rúsúrúsú, kì í sábà ní fínísì lójú, kò sì bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Bí òógùn yín bá pọ̀, rosewood ló máa fún yín ní ìsinmi.

Ọyẹ́, búùtù mọ́tò àti ẹ̀rọ amúlétutù

Àwọn ìlà tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn tí ẹ ń rí lára gìtá àtijọ́, nitro tó sán ni. Igi ń fẹ̀, ó sì ń sún kì. Nitro tó ti le kò lè bá a lọ mọ́ bí òtútù bá dé lójijì. Òṣogbo kò tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà tó wà lára gìtá tòkunbọ̀, òkè òkun ló ti bá a wá. Àmọ́ àwa náà lè dá tiwa sílẹ̀. Ẹ gbé gìtá tó ti wà nínú búùtù láti àárọ̀ wọ gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ di yìnyín, kí ẹ sì ṣí àpótí lójú ẹsẹ̀: ohun tó ń sán nitro gan-an nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpótí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú dé, kí àpótí rẹ̀ wà ní pípadé títí di ọjọ́ kejì.

Láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, ọyẹ́ á fa omi kúrò nínú igi ọrùn. Igi á sún kì, irin fret ò ní sún kì, orí rẹ̀ á yọ síta tí á máa gé ọwọ́. Bí fínísì bá bo etí ọrùn náà, á là ní orí fret kọ̀ọ̀kan. Fínísì kankan kò dá a dúró. Ìkòkò omi tàbí aṣọ tútù nínú yàrá tí gìtá wà ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà nínú ìgò lọ.

Ìlà kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ń ra polyester láìnídìí: èyí tó ń yọ ní igun ihò tí wọ́n fi ìdè de ọrùn mọ́. Wọ́n dè é jù, tàbí fínísì nípọn jù nínú ihò náà. Ẹ tú ọrùn kúrò, ẹ wo igi ìhòòhò tó wà nísàlẹ̀ ihò. Bí ìlà náà kò bá wọ igi, fínísì nìkan ló là, gìtá ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó ń yọ́ nitro

Rọ́bà tó wà lára stáǹdì olówó pọ́ọ́kú ń yọ́ nitro. Oògùn tó ń mú rọ́bà rọ̀ ló ń jáde lọ sínú fínísì, kì í ṣe pé rọ́bà náà ń fi ara ha á. Ẹ ó gbé gìtá ní àárọ̀, ẹ ó rí ojú dúdú méjì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Okùn ìfikọ́rùn tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ òwú tí ẹ bá we mọ́ stáǹdì tó. Ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET nínú burú ju gbogbo wọn lọ, torí ó ń yọ́ nitro, ó sì ń ba pickguard, ìyẹn pátákó ọ̀rá tó bo ojú gìtá, jẹ́. Bí ẹ bá ta gìtá ní òde alẹ́, ẹ fi para ṣáájú, kí ẹ fọ ọwọ́ yín. Ọtí ìfọwọ́ náà ń pa dídán nitro. Polyester kò gbọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn.

Bí ègé bá já

Lára polyester àti polyurethane, bí igi kò bá fọ́, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ fi epo láítà nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kan súpà gúlù ṣíṣàn bí omi sínú ihò náà, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró wákàtí díẹ̀ láàárín ẹ̀kán méjì, títí á fi ga ju ojú gìtá lọ díẹ̀. Bí ẹ bá dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan, á funfun, á sì ní ihò afẹ́fẹ́ nínú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lẹ téèpù mọ́ etí méjèèjì abẹ, kí àárín nìkan lè máa gé, ẹ fi fá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà sáńdípépà 800, 1000, 1500, 2000 pẹ̀lú omi, kí rubbing compound wá kẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńdípépà tó rorò, á fá fínísì tó wà nítòsí títí yóò fi tín-ín-rín.

Nitro rọrùn jùyẹn, àmọ́ ó gba sùúrù. Ẹ̀kán nitro tuntun ń yọ́ mọ́ ti àtijọ́, ààlà kì í hàn. Ọjọ́ kan láàárín ẹ̀kán méjì, ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Epo ni kò ní wàhálà: ẹ nù ún, ẹ fá a pẹ̀lú 600, ẹ fi epo tín-ín-rín kan án, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15. Aṣọ tí ẹ fi nù ún, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ tàbí kí ẹ ki í bọ omi. Bí ẹ bá kó o jọ sí igun kan, epo linseed tàbí tung tó ń gbẹ nínú rẹ̀ lè gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ fín, àwọn tó ń fín pẹ́ńtì mọ́tò ní ìlú lè ṣe é, polyurethane oníhardener sì lohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ jù. Ẹ sọ fún wọn pé ìpele fẹ́lẹ́ ni ẹ fẹ́, torí ọwọ́ tí wọ́n fi ń fín ilẹ̀kùn mọ́tò ti nípọn jù fún gìtá. Hardener náà léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má dúró tì wọ́n láìní ìbòmú tó péye. Àwọn oníṣẹ́ àga lè fín nitro. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fín in ní ọjọ́ òjò: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á dì sínú rẹ̀ bí tíńnà ti ń fẹ́ lọ, ojú á funfun bí èémí lára dígí. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí wọ́n sì bu omi sílẹ̀ nítorí eruku. Gìtá àtijọ́ tí nitro rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ má tún un fín rárá. Ìdajì owó rẹ̀ lè lọ.

Ẹ dán tòkunbọ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ tú pickguard, ẹ wo àwọ̀ abẹ́ rẹ̀: ohun tí gìtá náà jẹ́ kí oòrùn tó rí i nìyẹn. Fún irú fínísì, ẹ fi òwú tó ní ẹ̀kán kan omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, èyí tó ní acetone, kan ibi tó fara pa mọ́, bí inú ihò ọrùn. Nitro á lẹ̀ mọ́ òwú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwọn oníhardener kò ní mira. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni í ná. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò náà wúlò: nitro tó gbó dáadáa ń tàn bí ewé rúsúrúsú lábẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n tún ṣe á ṣú. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ọdún 1965 ló ti wà, tí gbogbo ara rẹ̀ sì ṣú lábẹ́ iná náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti tún un fín.

Irin ara rẹ̀ ń tẹ̀lé òfin kan náà. Wúrà ń kọ́kọ́ lọ, nickel ń ṣú jẹ́jẹ́, chrome ń dán pẹ́ kó tó hó.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Olórin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti òde àríyá tó ní gìtá kan ṣoṣo, polyurethane tó ń dán ni kó rà, tàbí polyester tó bá jẹ́ òun ni owó rẹ̀ ká. Ẹ̀yìn ọrùn ni kó jẹ́ satin tàbí epo. Èyí tó ń gbé gìtá fún ọmọdé, tàbí tí gìtá rẹ̀ ń gun ọ̀kadà, kó sá fún polyester tó nípọn. Nitro wà fún ẹni tó ní gìtá kejì, tó ní àpótí líle, tí kò sì ní bínú bí igi bá yọjú ní ìgùnpá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti fi ọwọ́ ha ní ilé iṣẹ́ kó lè jọ àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹ fi ojú ara yín wò ó: ìbàjẹ́ tòótọ́ máa ń tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ ní ààlà rẹ̀ bí omi tó fà, ti èké ń dúró gé bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e.